Lẹ́tà Ṣíṣí sí Ìgbìmọ̀ Ìkórè Ìjọ Wa: Ẹ Jẹ́ Kí Ọpẹ́ Jẹ́ Ti Ọlọ́run

Sí Alága àti gbogbo ọmọ Ìgbìmọ̀ Ìkórè,
Sí àwọn wọ́ọ̀dà àti Ìgbìmọ̀ Ìjọ,
Nípasẹ̀ àlùfáà àgbà wa.

Ẹ̀yin bàbá àti ẹ̀yin ìyá wa nínú Olúwa,

Mo kí yín tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀ ní orúkọ Jésù Olúwa wa. Ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú ìnáwó-nára, ẹ kú làálàá lórí ọ̀rọ̀ ilé Ọlọ́run.

Ìwé ètò ìkórè ọdún yìí tí ẹ pín fún wa ní ìparí ìsìn ló mú mi kọ lẹ́tà yìí. Mo kọ ọ́ síta gbangba nítorí pé ọ̀rọ̀ tó wà nínú rẹ̀ kan gbogbo ẹni tó ń jọ́sìn pẹ̀lú wa, àti nítorí pé ìjọ wa nìkan kọ́ ló ń ṣe irú rẹ̀ ní Ìbàdàn níbí. Ìwé náà sọ pé ìdílé tó bá fi mílíọ̀nù kan náírà tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ sílẹ̀ ṣáájú ọjọ́ ìkórè ni yóò jókòó sí ọwọ́ iwájú, lórí àga tí a ó fi ríbọ́ọ̀nù wé. Àwọn wọ̀nyí ni yóò kọ́kọ́ jó lọ síbi pẹpẹ, ní ìdílé kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lú orin tí wọ́n bá fẹ́ kí akọrin kọ fún wọn, a ó sì gbẹ́ orúkọ wọn sára òkúta mábù lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹnu ọ̀nà ńlá. Àwọn tó fi iye tó kéré sí i sílẹ̀ yóò tẹ̀ lé wọn ní ẹgbẹẹgbẹ́. Àwọn yòókù, tí ìwé náà pè ní "gbogbo ìjọ", yóò jáde papọ̀ lẹ́yìn èyí, "bí àkókò bá wà".

Ẹ̀yin àgbà, gbólóhùn tó gbẹ̀yìn yẹn ló kó ìdààmú bá mi jù. Nínú ilé Ọlọ́run, lọ́jọ́ ọpẹ́, ọpẹ́ ọ̀pọ̀lọpọ̀ ènìyàn ti di ohun tí a ó ṣe bí àkókò bá wà.

Ohun tí mo ní í sọ kò pọ̀ ju èyí lọ: ìdúpẹ́ ni ibi tí ẹni tí Ọlọ́run gbé ga ti ń padà wá rẹ ara rẹ̀ sílẹ̀ níwájú Ẹni tó gbé e ga, ètò tí ẹ ṣe yìí sì ti sọ ọ́ di ibi tí a ti ń gbé ẹni náà ga sí i. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fara balẹ̀ gbọ́ ìdí tí mo fi sọ bẹ́ẹ̀.

Èkínní, ẹ jẹ́ kí a padà sí ìdí tí a fi ń mú ìkórè wá rárá. Nínú Deutarónómì orí 26, Mósè kọ́ àwọn ọmọ Ísírẹ́lì bí ẹni tí oko rẹ̀ so yóò ṣe mú àkọ́so wá. Yóò kó o sínú agbọ̀n, yóò gbé e lọ síbi tí Olúwa yàn, àlùfáà yóò gba agbọ̀n náà lọ́wọ́ rẹ̀, yóò sì gbé e kalẹ̀ níwájú pẹpẹ. Nígbà náà ni ẹni tó mú un wá yóò la ẹnu rẹ̀, ohun tí yóò sì kọ́kọ́ ti ẹnu rẹ̀ jáde kì í ṣe iye tó wà nínú agbọ̀n. Yóò jẹ́wọ́ pé ará Síríà kan tó ń ṣègbé ni bàbá òun, pé ó sọ̀ kalẹ̀ lọ sí Íjíbítì pẹ̀lú ènìyàn díẹ̀, pé wọ́n fìyà jẹ àwọn níbẹ̀, wọ́n di ẹrù ìsìnrú lé àwọn lórí, àwọn ké pe Olúwa, Olúwa gbọ́, ó sì mú àwọn jáde. Ìgbà tó bá ti ka ibi tí Ọlọ́run ti gbé e dìde tán ni yóò tó wí pé àkọ́so ilẹ̀ tí Olúwa fi fún òun nìyí. Lẹ́yìn náà, yóò wólẹ̀. Ọ̀rọ̀ kan náà ni ẹni tó ní oko ńlá àti ẹni tó kọ ebè díẹ̀ yóò sọ. Ẹsẹ kọkànlá sì fi kún un pé òun, ọmọ Léfì àti àlejò tó wà láàárín wọn ni yóò jọ yọ̀.

Ẹ wo bí èyí ṣe yàtọ̀ sí ohun tí à ń ṣe. Nínú ètò ti Mósè, ẹni tó mú ọrẹ wá ni a ní kó sọ̀rọ̀, ọ̀rọ̀ tí a sì fi sí i lẹ́nu ni ti ìjẹ́wọ́ pé òun kì í ṣe nǹkan kan tẹ́lẹ̀. Nínú ètò tiwa, ẹni tó di máíkì mú ló ń sọ̀rọ̀, oríkì ẹni tó mú ọrẹ wá ló sì ń kà: ilé tó kọ́, ọmọ tó rán lọ sókè òkun, oyè tó jẹ. A ti fi oríkì rọ́pò ìjẹ́wọ́. Kò sí ohun tó burú nínú oríkì ní ààyè tirẹ̀. Yorùbá ni wá. Ṣùgbọ́n níwájú pẹpẹ, Ẹnì kan ṣoṣo ni oríkì tọ́ sí.

Èkejì, ohun tí ojú wa rí ní ìkórè èṣí yẹ kó ti kọ́ wa lọ́gbọ́n. Ìwé sọ pé ìsìn yóò bẹ̀rẹ̀ ní agogo mẹ́wàá. Akọrin ti tò lẹ́nu ọ̀nà, àwọn ọmọ kéékèèké ti wọ aṣọ ìkórè, oòrùn ń mú, ṣùgbọ́n a kò bẹ̀rẹ̀ nítorí pé Alága Ìkórè kò tíì dé. Nígbà tí ọkọ̀ rẹ̀ wọ ọgbà, wọ́n ní kí gbogbo ìjọ dìde dúró, kí a sì pàtẹ́wọ́. Mo bi yín léèrè: ta ni a wá jọ́sìn fún lọ́jọ́ náà tí ìjọsìn kò fi lè bẹ̀rẹ̀ láìsí ọkùnrin kan?

Lẹ́yìn ìwàásù ni ìdúpẹ́ bẹ̀rẹ̀. Bí wọ́n ṣe ń pe àwọn ènìyàn ńláńlá ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ìyá àgbàlagbà kan tó ń ta ẹ̀kọ ládùúgbò wa dìde láti ẹ̀yìn, ó ń jó bọ̀ láàárín àga. Orin tí akọrin ń kọ ti wọ̀ ọ́ lára, kò mọ̀ pé orin ẹlòmíràn ni. Ọ́ṣà kan, ọ̀kan lára àwọn tó ń fi ìjókòó han ènìyàn, na ọwọ́ dí i lọ́nà, ó ní, "Ìyá, kò tíì kàn yín." Ìyá náà dúró lẹ́bàá òpó. Ó tú ìṣẹ́tí ìró rẹ̀ níbi tó so owó sí, ó kà á wò, ó tún un so. Nígbà tí wọ́n wá pe gbogbo ìjọ, àwọn onílù ti rẹ̀, ẹni tó di máíkì mú sì ń tẹnu mọ́ ọn pé kí wọ́n yára, kí wọ́n má jó pẹ́, nítorí àsè ti wà nílẹ̀ fún àwọn àlejò pàtàkì. Ìyá náà sọ owó rẹ̀ sínú àwo, ó padà. Mo mọ ohun tó ń dúpẹ́ lé lórí. Ọmọ-ọmọ rẹ̀ tí wọ́n gbé dìgbàdìgbà lọ sílé ìwòsàn, tí gbogbo àdúgbò ti ń sunkún rẹ̀, ló dìde padà. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe bínú sí ọ́ṣà yẹn, iṣẹ́ tí a rán an ló jẹ́. Àwa tí a rán an ni ọ̀rọ̀ kàn.

Máàkù orí 12 sọ fún wa pé Jésù jókòó dojú kọ àpótí ìṣúra ní tẹ́ńpìlì, ó ń wo bí àwọn ènìyàn ti ń sọ owó sínú rẹ̀. Ọ̀pọ̀ olówó sọ owó púpọ̀ sí i, kò sọ nǹkan kan. Ìgbà tí opó kan wá pẹ̀lú owó kékeré méjì ló tó pe àwọn ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀ pé kí wọ́n wá wò. Bó bá jẹ́ pé ètò ìkórè wa ni wọ́n ń lò ní tẹ́ńpìlì lọ́jọ́ náà, opó yẹn ì bá má tíì dé ìdí àpótí nígbà tí Jésù dìde kúrò níbẹ̀.

Ẹ̀kẹta, ọ̀rọ̀ àga iwájú. Lórí èyí, n kò ní pẹ́, nítorí pé Jákọ́bù ti sọ ọ́ tán. Nínú orí kejì ìwé rẹ̀, ó ní bí ọkùnrin kan bá wọ ìpàdé yín pẹ̀lú òrùka wúrà àti aṣọ dáradára, tí tálákà kan sì wọlé pẹ̀lú aṣọ èérí, tí ẹ wá sọ fún èkínní pé kó jókòó síbi tó dára, tí ẹ sọ fún èkejì pé kó dúró lọ́hùn-ún tàbí kó jókòó nílẹ̀ lẹ́bàá àpótí ìtìsẹ̀ yín, ẹ ti di onídàájọ́ tó ní èrò búburú. Ṣé ó kù síbì kan tí ìwé ètò wa fi yàtọ̀ sí ohun tó kọ sílẹ̀ yìí? Kì í sì í ṣe pé ìjọ Kristẹni kò tíì dán irú rẹ̀ wò rí. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí Ìjọ Áńgílíkà ti dé ọ̀dọ̀ wa, wọ́n fi ọ̀pọ̀ ọdún gba owó ìjókòó nínú ṣọ́ọ̀ṣì. Ìdílé olówó ní àga tirẹ̀, ẹlòmíràn kò gbọdọ̀ jókòó síbẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà burú débi pé nígbà tí ìjọba ibẹ̀ ṣe òfin ní 1818 láti fi owó ìlú kọ́ àwọn ṣọ́ọ̀ṣì tuntun, wọ́n ní láti kọ ọ́ sínú òfin pé kí a ya apá kan ìjókòó sọ́tọ̀ lọ́fẹ̀ẹ́ fún àwọn tálákà. Àṣà tí àwọn tó mú ìsìn yìí wá ti jà láti jáwọ́ nínú rẹ̀ ni àwa wá ń gbé wọlé.

Ẹ̀kẹrin, ẹnu ara wa ń tako wa nínú ìsìn kan náà. Bí wọ́n bá ti gbé ọrẹ dé pẹpẹ, gbogbo wa là ń sọ pé ọ̀dọ̀ Ọlọ́run ni ohun gbogbo ti wá, àti pé nínú ohun tó wá láti ọwọ́ rẹ̀ ni a ti fi fún un. Àdúrà Dáfídì nìyẹn, nínú ìwé Kíróníkà Kìíní orí 29. Ẹ rántí ìgbà tí Dáfídì gbà á. Ó ti darúgbó, ó ti ṣẹ́gun gbogbo ọ̀tá rẹ̀, ó ti kó wúrà àti fàdákà jọ fún kíkọ́ tẹ́ńpìlì, àwọn ìjòyè sì ti kó tiwọn wá pẹ̀lú tinútinú. Bí ẹnì kan bá wà tí a lè gbẹ́ orúkọ rẹ̀ sára òkúta lọ́jọ́ yẹn, òun ni. Ìbéèrè tó bi Ọlọ́run ni pé ta ni òun, kí sì ni àwọn ènìyàn òun, tí àwọn fi lè mú irú ọrẹ báyìí wá? Ó tún fi kún un pé àlejò ni àwọn níwájú Ọlọ́run, àtìpó ni àwọn bíi gbogbo bàbá àwọn.

Níbi Oúnjẹ Alẹ́ Olúwa ńkọ́? Kí a tó gba ara àti ẹ̀jẹ̀ Olúwa, à ń gbàdúrà pé a kò yẹ láti ṣa èérún tó bọ́ sábẹ́ tábìlì rẹ̀. Lẹ́yìn náà, a kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wa, onímọ́tò àti awakọ̀ rẹ̀, ọ̀gá báǹkì àti ẹlẹ́kọ, ife kan náà ni a sì jọ fi ń mu. Kò sí ẹni tó ń ṣáájú nítorí owó. Ìjọ wa mọ bí a ti ń ṣe é, kò sí ẹni tí yóò kọ́ wa.

Ẹ̀karùn-ún, àwọn olówó ìjọ gan-an ni ètò yìí pa lára jù, apá yìí ni mo sì fẹ́ kí ẹ fi ọkàn sí jù lọ. N kò bá ọrọ̀ jà. Ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ yọrí, kó wọ aṣọ òkè, kó pe ẹbí, kó jó kó gbẹ́sẹ̀. Ọpẹ́ tọ́ sí Ọlọ́run, ẹni tí a sì ṣe lóore tí kò dúpẹ́, bí ọlọ́ṣà kó ni lẹ́rù lọ ni. Ṣùgbọ́n Deutarónómì orí kẹjọ ti kìlọ̀ pé nígbà tí ènìyàn bá jẹun yó, tó kọ́ ilé dáradára, tí fàdákà àti wúrà rẹ̀ pọ̀, ìgbà náà ni kó ṣọ́ra, kó má bàa wí nínú ọkàn rẹ̀ pé agbára òun àti ọwọ́ òun ló kó ọrọ̀ yìí jọ fún òun. Ọba Nebukadinésárì ń rìn kiri lókè ààfin rẹ̀ ní Bábílónì nígbà tó wí pé Bábílónì ńlá tí òun fi agbára òun kọ́ nìyí. Gbólóhùn náà ṣì wà lẹ́nu rẹ̀ tí ohùn fi dún láti ọ̀run, ó sì di ẹni tó ń jẹ koríko bíi màlúù títí ó fi mọ̀ pé Ọ̀gá Ògo ló ń jọba. Ẹni tí owó ti ń pa bí ọtí, ṣọ́ọ̀ṣì kọ́ ló yẹ kó tún rọ òmíràn sí i nínú ife.

Ohun tí a bá fi kọ́ ènìyàn níbi pẹpẹ ni yóò gbé délé. Bí a bá kọ́ ọ pé owó rẹ̀ ló mú kó sún mọ́ Ọlọ́run ju ẹlòmíràn lọ, báwo ni yóò ṣe gbà lọ́jọ́ Ajé pé ènìyàn bíi òun ni ọmọdé tó ń ṣí géètì fún un? Lọ́jọ́ ìkórè èṣí, àwọn awakọ̀ wà nínú oòrùn láti òwúrọ̀ títí ìsìn fi parí, nítorí pé ẹnikẹ́ni kò rò pé ó yẹ kí wọ́n wọlé. Àwọn náà ní ohun tí wọ́n fẹ́ dúpẹ́ lé lórí. Ìrẹ̀lẹ̀ níwájú Ọlọ́run ń hàn nínú bí a ṣe ń san owó oṣù òṣìṣẹ́ lásìkò, nínú bí a ṣe ń gbọ́ ìbáwí, nínú bí a ṣe ń sọ pé "bí Ọlọ́run bá fẹ́" tí a sì gbà á gbọ́ nínú ọkàn wa pé ẹ̀mí wa kò sí lọ́wọ́ ara wa. Jákọ́bù kan náà tó sọ̀rọ̀ àga ló sọ èyí ní orí kẹrin, òun ló sì sọ ní orí karùn-ún pé owó ọ̀yà tí a dù àwọn alágbàṣe ń ké, igbe wọn sì ti dé etí Olúwa.

A kò sì ní láti wá àpẹẹrẹ lọ sí Bábílónì. Ọmọ Òṣogùn ni Samuel Àjàyí Crowther. Ní 1821 ni àwọn akónilẹ́rú ya wọ ìlú wọn, wọ́n kó o, wọ́n fi ṣe pààrọ̀ ẹṣin, wọ́n tà á láti ọwọ́ kan sí òmíràn títí ó fi dé inú ọkọ̀ àwọn Potogí. Ní 1822 ni ọkọ̀ ogun ojú omi Gẹ̀ẹ́sì gbà á sílẹ̀, tí wọ́n gbé e lọ sí Freetown. Ó di àlùfáà ní 1843. Ní 1864 wọ́n fi jẹ Bíṣọ́ọ̀bù ní Canterbury, adúláwọ̀ Áfíríkà àkọ́kọ́ tó jẹ oyè náà nínú Ìjọ Áńgílíkà. Nígbà tó kọ ìtàn ìkólẹ́rú rẹ̀ sílẹ̀ ní 1837, ó pe ọjọ́ náà ní ọjọ́ ìbànújẹ́, ó sì tún pè é ní ọjọ́ ìbùkún tí Ọlọ́run ti là sílẹ̀ fún òun. Kò sọ pé ọpọlọ òun ló gba òun. Ní 1890, nígbà tó ti darúgbó, àwọn òyìnbó míṣọ́nnárì tó kéré sí i lọ́jọ́ orí fi àbùkù kan òun àti àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀, wọ́n sì gba àṣẹ iṣẹ́ Odò Ọya mọ́ ọn lọ́wọ́. Kò fi iṣẹ́ Olúwa sílẹ̀ títí ikú fi mú un lọ ní ọjọ́ tó kẹ́yìn ọdún 1891. Ẹni tí oyè rẹ̀ kò gùn gàlègàlè lórí rẹ̀ ni yóò lè fara da ìgbà tí a bá gbà á.

Ẹ̀kẹfà, mo mọ ohun tí ẹ ó fi dá mi lóhùn. Òrùlé ṣọ́ọ̀ṣì ń jò, owó epo ẹ̀rọ amúnáwá ti gun òkè, owó tí dáyósíìsì bù lé wa kò dínkù, àwọn olówó ló sì ń gbé ìjọ ró. Òótọ́ ni pé a nílò owó. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n fẹ́ kọ́ àgọ́ ìpàdé nínú aginjù, Mósè sọ ohun tí iṣẹ́ náà ń fẹ́ fún gbogbo ènìyàn, tọkùnrin tobìnrin sì mú ohun tí ọkàn wọn gbé wọn ró láti mú wá. Ẹ́kísódù orí 36 sọ pé ó pọ̀ débi pé Mósè ní láti kéde pé kí wọ́n má ṣe mú wá mọ́. Kò ya ìjókòó sọ́tọ̀ fún ẹnikẹ́ni. Ní ti owó ètùtù, orí 30 ìwé kan náà ní kí olówó má ṣe san ju ààbọ̀ ṣékélì, owó ìgbà náà, lọ, kí tálákà má sì san dín.

Ẹ jẹ́ kí n fi tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀ sọ èyí pẹ̀lú: ọ̀pọ̀ ọmọ ìjọ ni ìbá fi owó sílẹ̀ ju bí wọ́n ti ń ṣe lọ bí wọ́n bá mọ bí a ṣe ń ná an. Lẹ́yìn ìkórè èṣí, a gbọ́ iye tó wọlé, a gbọ́ orúkọ àwọn tó mú un wá pẹ̀lú ariwo, ṣùgbọ́n títí di òní ẹnikẹ́ni kò ka iye tó jáde fún wa, òrùlé náà sì ń jò síbẹ̀.

Nítorí náà, ohun tí mo ń bẹ̀ yín pé kí ẹ ṣe nìyí, mo sì mọ̀ pé èmi nìkan kọ́ ni mo ń béèrè rẹ̀.

Kí ẹ fagi lé ìwé ètò náà, kí ẹ sì sọ fún ìjọ ní àkókò ìfilọ̀ pé ẹ ti fagi lé e. Kí àga ọwọ́ iwájú jẹ́ ti àwọn arúgbó, aláìlera àti àwọn tí etí wọn kò gbọ́ dáadáa, láìka ohun tí wọ́n fi sílẹ̀ sí. Kí ìdúpẹ́ bẹ̀rẹ̀ láti ẹ̀yìn ilé ìsìn bọ̀ wá síwájú, ní ìlà kan lẹ́yìn òmíràn, olówó àti tálákà nínú ìlà kan náà, pẹ̀lú orin tí gbogbo wa jọ mọ̀. Kí owó kọ̀ọ̀kan wà nínú àpòòwé, kí ẹnikẹ́ni má ṣe ka iye tàbí orúkọ sí máíkì. Kí ìsìn bẹ̀rẹ̀ ní agogo tí a kọ sílẹ̀, kí ẹni tó bá pẹ́ dé, ìbáà jẹ́ alága, wọlé jẹ́ẹ́jẹ́ kó wá ibi jókòó. Kí a ṣí ilẹ̀kùn fún àwọn awakọ̀ àti ẹ̀ṣọ́. Ní ti òkúta mábù, bí ẹ bá ti sanwó rẹ̀, ẹ jẹ́ kí wọ́n gbẹ́ àdúrà Dáfídì sí i. Kí ẹ sì lẹ ìṣirò owó ìkórè èṣí, èyí tó wọlé àti èyí tó jáde, mọ́ pátákó ìfilọ̀ kí ti ọdún yìí tó bẹ̀rẹ̀.

Bí ẹ bá rí ibi tí mo ti ṣi Ìwé Mímọ́ túmọ̀, ẹ pè mí síwájú ìgbìmọ̀, mo ṣetán láti gbọ́. Bí ẹ kò bá sì rí i, mo bẹ̀ yín nítorí Olúwa, kí ẹ má ṣe jẹ́ kí ọ́ṣà kankan tún na ọwọ́ dí ẹnikẹ́ni tó ń jó lọ síbi pẹpẹ. Mo ń retí èsì yín ṣáájú ìpàdé ìgbìmọ̀ tó ń bọ̀, mo sì bẹ̀ pé kí ẹ kà á sí etí gbogbo ìjọ.

Èmi ni tiyín nínú Olúwa,
Ọmọ ìjọ yín kan ní Ìbàdàn.